Ooru Inú Ẹ̀rọ Ìsàba

Kì í ṣe àhesọ lèyí. Odindi àdúgbò kan ló rí i, lọ́sàn-án gangan, lójú oòrùn, kò sì sí ẹni tó mutí nínú wọn.

Ìyá Òròmọdìẹ ni wọ́n ń pe obìnrin náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìsàba kan, gíga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń fi iná mànàmáná mú ẹyin gbóná títí wọ́n á fi pa. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ràgàjì, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, sí òdìkejì títì, iná ò dúró mọ́. Tí kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn bá ti ń fẹ́ iná sí i, ti àdúgbò ni wọ́n ń mú fún wọn. Ilé náà ń kùn tọ̀sán-tòru bí ilé oyin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹyin ti tutù mọ́ ìyá yìí lọ́wọ́, tí òròmọdìẹ kú sínú èèpo. Tí ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí náà bá bàjẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ẹyin yẹ kó pa, iná lọ.

"Wọ́n tún ti mú iná wa lọ," ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí. "Ṣé ká ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ wò ó?"

"Má dán an wò! Ooru díẹ̀ tó kù yẹn lo fẹ́ lé jáde?"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń dúró de òtútù. Òtútù ò dé. Ilẹ̀kùn náà ń gbóná sí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà yọ lára ògiri. Ooru ò yẹ̀. Nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú ẹ̀rọ, jẹ́jẹ́. Ó mọ ohùn yẹn: ohùn ilé kọ̀ǹpútà ni.

Àbúrò rẹ̀ na etí síta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná."

"Kí ni kí n gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ gbọ́ nìyẹn."

Ilé kọ̀ǹpútà ti dákẹ́. Ajá kan ò gbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tú síta, wọ́n dúró sínú oòrùn, wọ́n ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Yìnyín wà nínú irun wọn.

Ẹnjinníà wọn sáré sọdá títì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tan?"

"Wáyà mi rèé nílẹ̀."

Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó tètè gbé ọwọ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbọ́ kò, kò, kò. Èèpo ń fọ́. Nígbà tí ìyá ṣílẹ̀kùn, ẹyin kan ò bàjẹ́! Gbogbo rẹ̀ pa pátá! Ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó di mọ́ ẹnjinníà, ẹni tó kà sí ọ̀tá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn aládùúgbò hó yèè.

"Màmá, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́," ni ẹnjinníà wí.

"Ta ni kí n bẹ̀?"

Ẹnjinníà nawọ́ sí ẹ̀rọ náà, ìyá sì mi orí.

"Ẹ kọ́kọ́ dá iná wa padà ná. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé."

Wọ́n dá a padà. Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti tàn ní gbogbo ilé, ilé kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, jẹ́jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọn ò mú iná àdúgbò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìsàba ò tutù. Wáyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹnjinníà padà wá wò ó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó ń bà mí, ọmọ mi. Ó ń bà mí gan-an," ni ìyá wí, ó sì ń to ẹyin tuntun sínú ẹ̀rọ.