Aṣọ Salamatou tí a kò gbọdọ̀ tú

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Manigri, wọ́n á sọ fún yín: kò sí ẹni tó mọ ìwé kà tó èmi Yessoufou. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé Bassila, àmọ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń wá bi mí ní ọ̀rọ̀ tó bá rú u lójú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo lọ gba ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi Lassissi kọ sí wa ní Bassila, mo sáré wálé. Ẹtu mẹ́ta bá mi sá a, mo fi gbogbo wọn sílẹ̀.

Mo bá ìyá wa, Adjaratou, níbi tó ti ń bẹ iṣu. Bintou, ọmọ ọdún mẹ́fà, jókòó tì í, ó ń wo ẹrù kan tí wọ́n fi ẹní dì, tí a so rọ̀ lábẹ́ òrùlé. Aṣọ ìyá rẹ̀ ni, Salamatou, àbúrò ìyá wa. Ilẹ̀ẹ́gbóná, àrùn tó ń yọ ìléróró sí gbogbo ara, ló pa á ní Doguè.

Nílé wa, a kì í tú ẹrù òkú àfi tí àkọ́bí bá fọhùn. Lassissi ni àkọ́bí wa, ó sì ti lo ọdún méjì ní Dakar, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ níṣẹ́ dókítà. A ti kọ̀wé bi í.

"Kà á," ni Ìyá wí. "Ó ní ká tú u, àbí?"

"Mo fẹ́ fi bora," ni Bintou wí. "Òórùn òrí tí ìyá mi máa ń fi para wà lára rẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà:

"Ìyá mi, àárò yín ń sọ mí. Nílé ìwòsàn tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí àrùn wọn ń ràn ni mo wà báyìí. Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan aláìsàn ká tó bi í pé: ta lo sùn tì? Aṣọ ta lo wọ̀? Lóṣù tó kọjá, ilẹ̀ẹ́gbóná gbé ọkùnrin kan dé. Kò pàdé aláìsàn kankan. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ló jogún. Èépá egbò máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, àrùn á wà nínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ má tú ẹrù Salamatou. Yessoufou ti gba àjẹsára nílé ìwé. Kó rì í sínú omi híhó bó ṣe wà."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Iyọ̀ tí o fi sí ọ̀rọ̀ pọ̀ jù lónìí. Nínú ìwé tó kọjá, o ní Lassissi gun erin wọ ilé ìwòsàn. Ta ló ń se aṣọ bí ẹ̀wà?"

"Ìyá, mo búra!"

"O búra lórí erin náà."

Ó dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan okùn. Bintou ti na apá méjèèjì sókè.

"Ìyá, ẹ dúró! Èmi ni mo fi erin kún un. Èmi náà ni mo fi kún un pé ó ń bọ̀ nígbà iṣu tuntun. Kò wí bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ku ọdún méjì."

Ọwọ́ Ìyá rọ̀ wálẹ̀. Iṣu tó tóbi jù lóko ló ti yà sọ́tọ̀ de Lassissi. Kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ pàápàá wò ó.

"Ọdún méjì?"

"Ọdún méjì, Ìyá."

"Irọ́ rẹ máa ń dùn," ló wí. "Eléyìí kò dùn. Òótọ́ ni. Gbé ìkòkò kaná."

Mo se é títí omi fi dúdú fún aró. Mo sun ẹní náà. Nígbà tí aṣọ gbẹ, Bintou gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì fà ro. "Kò rùn bí ìyá mi mọ́."

Ìyá bu òrí, ó fi pa ọwọ́, ó sì rọra ń fọwọ́ ra aṣọ náà kó tó fi bo ọmọ.

Ẹ̀yin ará Manigri, Bassila, Doguè, ẹ gbọ́. Bí ilẹ̀ẹ́gbóná bá pa èèyàn yín, ẹ má pín aṣọ rẹ̀, ẹ má fi bora nítorí pé àárò rẹ̀ ń sọ yín. Ẹ sè é tàbí kí ẹ sun ún, kó sì jẹ́ ẹni tó ti gba àjẹsára ni yóò ṣe é. Bí àwọn alábẹ́rẹ́ bá dé, ẹ má sá lọ sóko. Ẹ na apá sí wọn. Ẹni tó bá sì ń ka ìwé fún ẹlòmíì, kó kà á bó ṣe wà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe báyìí. Bí ìwé bá ti dé, Ìyá á bi mí: "Ó wí ọjọ́ tó ń bọ̀?"

"Kò wí, Ìyá."