Ewé Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Bridget

"Gé e, jàre! Ta ni yóò mọ̀? Wọn kì í kọ orúkọ sára ewé."

Dámi, ọ̀rẹ́ Adérìnsọ́lá, ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Àǹtí Bridget, aládùúgbò wọn, gbìn sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Beltsville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Adérìnsọ́lá ń gé ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ àgbà ti rán an lọ ra ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú yìnyín tí yóò fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Òun àti Dámi wá yà sí College Park, wọ́n ń ṣeré kiri. Nígbà tí wọn yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti tì í.

Oṣù kẹta rèé tí Màmá, ìyá àgbà náà, ti Ìbàdàn dé. Ọ̀la ni yóò kọ́kọ́ se oúnjẹ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì.

"Rìnsọ́lá, ewé yìí mà tutù yọ̀yọ̀," ni Màmá wí nígbà tí Rìnsọ́lá gbé e délé. "Ti inú yìnyín kì í rí báyìí."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dé ni, Màmá."

 Màmá nu àwọn ewé náà, ó fi wọ́n ra iná kí wọ́n lè rọ̀, ó sì pọ́n ogójì mọ́ínmọ́ín.

Láàárọ̀ Sunday, bí wọ́n ti ń gbé kúlà tí mọ́ínmọ́ín wà nínú rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n rí Àǹtí Bridget pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú. Ó ké sí wọn pé, "Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi o! Láti Thursday ni mo ti ń fín oògùn kòkòrò sí i. Májèlé ni."

Ọkàn Rìnsọ́lá já. Ó la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá ti ń kọrin níwájú ọkọ̀.

"Lónìí ni wọn yóò mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn dé!" ni Màmá wí.

Rìnsọ́lá wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀. Bóyá omi gbígbóná ti pa májèlé náà. Bóyá. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwàásù.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fún lóúnjẹ. Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ pásítọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tú tirẹ̀. Bí ọmọ Yorùbá ti í ṣe, ara ewé ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó yọ ahọ́n síta láti lá a.

Rìnsọ́lá sáré gbá mọ́ínmọ́ín náà dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" ìyàwó pásítọ̀ pariwo.

"Ẹ má jẹ ẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́! Ẹ̀yìnkùlé Àǹtí Bridget ni mo ti jí ewé gé. Wọ́n ti fín májèlé sí i!"

  Màmá fúnra rẹ̀ ló di ẹnu àpò ìdọ̀tí mú tí wọ́n fi da gbogbo mọ́ínmọ́ín náà nù.

Nílé, Rìnsọ́lá kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Ká ní o sọ pé ewé ò sí, inú agolo ni ǹ bá ti sè é, ilé ayé ò ní bàjẹ́," ni Màmá wí. "Irọ́ ló dùn mí. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ ní í di ọṣẹ; irọ́ tó bá pẹ́ lára ẹni ní í di ìwà ẹni. Dìde, ká lọ bẹ olóko."

Bí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn Àǹtí Bridget, ó yé Rìnsọ́lá: òtítọ́ tí a bá tètè sọ, agolo lásán ló ń béèrè lọ́wọ́ ẹni, èyí tí a bá fi pamọ́ lè gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ.