Fíìmù Tí Wọn Ò Gbọdọ̀ Wò Dópin

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ìjà ni mo bá a jà. Ọkùnrin kan tó máa ń gbé ẹ̀rọ fíìmù kiri ọsibítù ni, ó wá fẹ́ fi eré apanilẹ́rìn-ín han àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé ni? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán níkùn kì í rẹ́rìn-ín àríntàkìtì, òwú á já.

Kò bínú. Ó ní òun á máa pa fíìmù náà kó tó parí, torí ìparí gan-an ló burú: dókítà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, bẹ́ẹ̀dì ń sáré lọ, ó ń gbá àwọn nọ́ọ̀sì ṣubú, títí ó fi kó sí ilé ìdáná, tí dókítà bá ara ẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí ní Adùn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ò fẹ́ rí i sójú. Ó ní òun ò ní fi àbúrò òun fún aláwàdà. Màmá wa ò sọ bẹ́ẹ̀ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀kọ́.

Ìgbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá, tí wọ́n gbé wọn wá sí wọ́ọ̀dù mi, mo ní kó fi fíìmù náà hàn wọ́n dópin, kí wọ́n lè fẹ́ràn ẹ̀. Ó kọ̀. Mo ní bó bá nífẹ̀ẹ́ mi, á ṣe é. Èmi tí mo ṣòfin ni mo rú u.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ikùn mú. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ.

Wọ́n sáré tún ojú abẹ náà rán. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti pe Mátírọ́ọ̀nù, wọ́n ń bèèrè ẹni tó gbà á láyè láti fi fíìmù náà hàn, pé onítọ̀hún ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

"Èmi nìkan ni mo dá a ṣe," ni olólùfẹ́ mi wí. "Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì. Èmi tó pè ní Adùn mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi fa ọrùn aṣọ ẹ̀, ó tì í jáde ní géètì. Olólùfẹ́ mi bojú wẹ̀yìn wò mí. Ilẹ̀ ni mo ń wò. Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n mi, mo kórìíra Mátírọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n ara mi ni mo kórìíra jù.

Lọ́jọ́ kejì, Mátírọ́ọ̀nù yìn mí lójú gbogbo èèyàn pé mo mọ òfin. Iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Ẹ má bá mi yọ̀.