Omi Kò Lẹ́nu Ṣóńṣó

Ìdojúbolẹ̀ ni wọ́n bá ẹ̀gbọ́n nínú yàrá ìlọṣọ ilé ìfọṣọ tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti di egbò. Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé lọ́jọ́ kejì, àbúrò tó ń fọṣọ níbẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì lè sọ̀rọ̀ nílé ìwòsàn. Àbúrò tó lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ọ̀gá wọn ti pa á lẹ́nu mọ́.

"Sítáàṣì gbígbóná ló dà sí i lẹ́yìn," ni Ọ̀gá wí, ẹlẹ́nu dídùn. "Ìdajì ìkòkò ló dà nù. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ìnsípẹ́kítọ̀, obìnrin tí kì í pariwo, na ìwé méjì sí i. "Ẹ kọ 'scald' sínú tiyín. Dókítà kọ 'burn'."

"Ṣebí ọ̀kan náà ni. Òyìnbó ló fẹ́ràn kí ọmọ kan máa jẹ́ orúkọ méjì."

"Rárá o. 'Scald', omi gbígbóná ló bó èèyàn. 'Burn' tí dókítà kọ yìí, irin gbígbóná ló jó o." Ó yíjú sí afọṣọ. "Ọmọ mi, kí lo rí?"

Ọ̀gá wò ó. Afọṣọ tún fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Mi ò rí nǹkankan, mà."

Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ìnsípẹ́kítọ̀ kò bá a wí. Ó lọ ṣí ìkòkò sítáàṣì.

"Ó kún dé ẹnu, awọ ti bo ojú rẹ̀, ẹ sì ti ní ẹ ò se òmíràn láti àná. Kí ló wá dà nù?" Ó yọ bùláòsì ẹ̀gbọ́n jáde, àpá dúdú ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan wà lẹ́yìn rẹ̀. "Omi kì í jó aṣọ di dúdú, kò sì lẹ́nu ṣóńṣó. Ojú áyọ́ọ̀nù nìyí. Kò sẹ́ni tó lè lọ ẹ̀yìn ara rẹ̀."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ta ló rí mi?"

Gbogbo alọṣọ tó wà níbẹ̀ wolẹ̀. Afọṣọ wo bùláòsì náà. Bí ọkùnrin yìí bá bọ́ lónìí, abẹ́ rẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n máa padà sí.

"Èmi ni mo rí yín, sà. Ẹ̀gbọ́n mi jó kóòtù oníbàárà, ẹ ní kó wá mọ bó ṣe ń dun aṣọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ọ̀gá. Ọlọ́pàá kan tó tẹ̀lé Ìnsípẹ́kítọ̀ wá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ṣì ń ba afọṣọ, síbẹ̀ ó tú bọ́tìnnì, ó kẹ̀yìn sí Ìnsípẹ́kítọ̀. Àpá ṣóńṣó kan wà léjìká rẹ̀ tó ti jinná tipẹ́.

"Tèmi nìyí, mà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ni mo jó nígbà tí mo ṣì ń lọṣọ."