Ẹni tí Júmà Ń Wò

Tanzania ni Júmà ti wá. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ní Igando, láìgba kọ́bọ̀, bàbá mi sì ní kó máa gbé lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Kí n má purọ́, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde sí pálọ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi, Jibril àti Ṣàfíù, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin a dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá mi ní a ò gbọdọ̀ dójú ti àlejò. Bó ṣe di pé èmi àti Júmà jọ ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó máa ń bá mi gé àlùbọ́sà.

"Fàdìlàt, nílé wa, mpenzi là ń pe ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Olólùfẹ́ ni. Ta lo fẹ́ pè bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó ń bi mí."

Àlùbọ́sà ni mo purọ́ mọ́ pé ó ń ta mí lójú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi lójú àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó pè mí.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láràárọ̀, ọmọkùnrin yìí ò rí wọn. Ìwọ nìkan ló ń wò. Àbí irọ́ ni mò ń pa?"

Mo dorí kodò. Ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn.

"Kò ní máa gbé abẹ́ òrùlé mi kó tún máa fẹ́ ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ Báyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi ní Ìjẹ̀gùn ni yóò kó lọ. Bó bá fẹ́ ọ lóòótọ́, kó kó ẹbí rẹ̀ wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, kó máa lọ."

Mo fi ẹkún ròyìn gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún Júmà. Kò jiyàn. Ó kó lọ, ó kọ́ àwọn ọmọ náà títí ọdún fi pé, ó sì padà sí Tanzania pẹ̀lú ìlérí pé òun á kó ẹbí òun wá.

Àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ n sinmi. "Fàdìlàt, ṣé àjèjì yẹn ṣì ń bọ̀ ṣá?"

"Ó ń bọ̀," ni mo máa ń dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lójú.

Ó dé lóòótọ́, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀. Pálọ̀ wa kún fún àwọn ará àdúgbò. Orúnkún rẹ̀ ni mò ń wò. Ó rìn dé iwájú bàbá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?" bàbá mi bi í.

"Jibril àti Ṣàfíù ni, sà. Mo ti rí wọn báyìí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Lọ jókòó ti ìyàwó rẹ."

Mo gbórí sókè níwájú gbogbo àwọn tó ti ń bi mí léèrè, mo sì sún kí Júmà mi lè ráyè jókòó.