Àjẹ̀ Kọ́lájọ

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojú kan Ṣùáíbù, ọjọ́ náà ni mo mú kí ọkọ̀ rẹ̀ rì.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Omi fà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó fà débi pé ẹrẹ̀ hàn lẹ́sẹ̀ òpó ilé wa. Mo ń to ẹja ṣáwá sórí iná nígbà tí ọkùnrin kan tó dé fìlà funfun wa ọkọ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn. Ó kí mi. Ó ní òun ń gbé iyọ̀ wá fún Moríkẹ́, ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ tẹ̀lé tiwa lórí afárá pákó, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun so okùn ọkọ̀. Mo gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ òpó.

Ọmọ kékeré ní ìlú omi mọ̀ pé bí a bá ń so ọkọ̀ nígbà tí omi fà, a óò jẹ́ kí okùn gùn, nítorí pé omi ń padà bọ̀. Èmi tí wọ́n bí sí Ode Ugbo, tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì, tí mo sì tún fẹ́ apẹja, mo so ó kúkúrú, mo sì ta á ní kókó líle. Ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ohùn Ìyá ni mo ń gbọ́.

Ìyá ni ìyá ọkọ mi. Kọ́lájọ ni ọkọ mi ń jẹ́. Ó gbé àwọ̀n wọ inú òkun ní ọdún kejì ogun àwọn òyìnbó, kò sì padà. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ létí òkun lápá Araromi. Àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀, Ìyá a máa jáde sí èbúté láti pe ọmọ rẹ̀. Àṣà ìdílé wọn ni. Ẹni tí òkun bá gbé tí a kò rí sin, ìyá rẹ̀ ni yóò máa pè é kí ó má baà ṣìnà, wọn yóò sì gbé àjẹ̀ rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ọjọ́ tí ìyá náà bá sọ pé, "Ó tó," ni wọn yóò sọ àjẹ̀ náà sínú òkun. Ọ̀fọ̀ parí nìyẹn, aya sì lè bọ́ aṣọ dúdú. Bí ìyá kò bá tíì sọ ọ́, aya òkú ṣì ni aya rẹ̀.

Ìyá kò tíì sọ ọ́.

Nígbà tí Ṣùáíbù kírun ọ̀sán tán nílé Moríkẹ́, tó jáde, omi ti kún. Okùn mi ti fa imú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi sì ti gba orí rẹ̀ wọlé. Àwọn àpò iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ ti yọ́. Iyọ̀ ṣọ̀wọ́n lákòókò ogun náà débi pé omi òkun ni àwọn mìíràn fi ń se ọbẹ̀.

Moríkẹ́ káwọ́ lérí. "Rhoda, ṣé ọkọ̀ lo so ni, àbí ewúrẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ lórí pákó. Ọkùnrin náà wo omi, ó wò mí, ó rí aṣọ dúdú lára mi.

"Ẹ dìde," ló wí. "Òkun ló ni iyọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun ìní rẹ̀ ló gbà."

Mo rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí ẹ̀rín náà ti wá, nítorí pé n kò rẹ́rìn-ín rí láti ọjọ́ tí Kọ́lájọ ti lọ. Kí n tó pa ẹnu dé, ẹ̀rín ti di ẹkún. Ohun tí òkun gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ohun ìní rẹ̀. Ṣùáíbù kò sọ pé kí n dákẹ́. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi kí ojú má baà tì mí, ó mú igbá, ó sì ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ títí mo fi sunkún tán.

Bí ó ṣe di ẹni tó ń wá nìyẹn. Kì í wọ inú ilé wa. Orí afárá ni yóò dúró sí, èmi á wà nídìí iná ẹja, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀. Ó ń pè mí ní Oníyọ̀. Moríkẹ́ a máa kọjá láàárín wa, a sì máa bi wá bóyá ẹja ni a ń yan ni àbí ara wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sọ fún mi pé kí n gbàgbé Kọ́lájọ. Ṣùáíbù nìkan ló bi mí bí Kọ́lájọ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un. Mo sọ pé èjìká rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjowú. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó yá, òun náà sọ tirẹ̀. "Oníyọ̀ mi, ọkàn mi ti fà sí ọ. Bí o bá gbà, n óò wá rí àwọn ènìyàn rẹ. Bí o bá kọ̀, n óò máa ta iyọ̀ mi fún Moríkẹ́, n kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu."

Mo ní kí ó wá.

Ó wá pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n sì kí gbogbo ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olówòkéré, ẹ̀gbọ́n Kọ́lájọ, ló dá wọn lóhùn. Ó bi wọ́n bóyá wọn kò rí obìnrin nínú àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wọn ni. Ó nawọ́ sí ara ògiri.

"Ẹ wo àjẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ aya Kọ́lájọ, kí ó lọ gba àyè lọ́wọ́ Kọ́lájọ."

Ìyá kò bínú ní tirẹ̀. Ó kàn ń wo ojú omi. Ó ní, "Ọmọ mi wà lọ́nà. Bí ó bá dé tí kò bá aya rẹ̀ nílé, kí ni n óò sọ fún un?"

Bàbá tó bí mi, tó máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ode Ugbo, ránṣẹ́ pé òun kò rán mi ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì kí n lè lọ fẹ́ oníkéwú.

Mo lè fara da ọ̀rọ̀ Bàbá àti ti Olówòkéré. Ti Ìyá ni n kò lè fara dà. Mo lọ bá Ṣùáíbù nílé Moríkẹ́, mo ní kí ó má wá sí èbúté wa mọ́.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́, àbí wọ́n ní kí o sọ ọ́?"

"Èmi ni. N kò lè fi Ìyá sílẹ̀ kí ó máa dá pe ọmọ rẹ̀."

"Bí o bá lè fi í sílẹ̀," ló wí, "bóyá n kò ní fẹ́ràn rẹ tó báyìí." Ó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Moríkẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọjà kejì fi pé. Èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ bá Ọlọ́run sọ. Mo máa ń kúnlẹ̀ ni, kí n tún dìde.

Ọyẹ́ dé. Ó gbẹ ètè wa, ó sì há Ìyá lóhùn. Síbẹ̀ Ìyá ń jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo omi débi pé n kò rí ilé Moríkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá dúró létí pákó, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n gé ní ẹsẹ̀.

"Rhoda," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò ní gbọ́ mi mọ́."

N kò bá a pè é rí. Mo gbàgbọ́ pé Kọ́lájọ wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mo sì rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn máa pe òkú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkú ni mo ń wò ní òwúrọ̀ náà, abiyamọ ni. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, mo sì ké pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

"Kọ́lájọ o! Ọ̀nà ilé rèé o!"

Nígbà tí mo tún ké, Ìyá fi ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un kún tèmi. Àwa méjèèjì ń pè. Láti inú kùrukùru náà, láti apá ẹnu òkun, ọkùnrin kan dáhùn.

"Mo ń bọ̀ o! Ẹ má dákẹ́!"

Ìyá ti dìde, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, omi ti dé ìbàdí rẹ̀ kí n tó dì í mú. A ń pe Kọ́lájọ, ó ń dáhùn, ohùn náà sì ń sún mọ́ wa. Imú ọkọ̀ yọ. Ọkùnrin kan dojú bolẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń fi àfọ́kù pákó àti ọwọ́ lásán wa omi. Ó gbé orí sókè.

Ṣùáíbù ni.

Ayọ̀ gbá mi láyà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú Ìyá, ojú sì tì mí fún ayọ̀ mi. Ìyá di etí ọkọ̀ náà mú, ó ń wò ó, ó ń wò ó.

"Ta nìyí?"

"Ṣùáíbù ni, Ìyá." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé èmi ni."

A gbé e gòkè, a fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ẹja. Òpó ìgèrè kan, tí wọ́n fi ń mú ẹja, ló gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kùrukùru, omi tó ń fà sì ń gbé e lọ sẹ́nu òkun. Ó ti ń gbọ́ ìgbì. Ó ti ń ṣe kálímà, ẹ̀rí ìgbàgbọ́ àwọn Mùsùlùmí, kí ikú lè bá a lẹ́nu òun, nígbà tó gbọ́ tí àwọn obìnrin ń pe ẹnìkan wálé. Ó ní òun rò pé bí ẹni tí wọ́n ń pè bá mọ ọ̀nà ilé, òun náà lè tẹ̀lé e.

"Kí lo ń wá lórí omi nínú irú èyí?" Ìyá bi í.

Ó na ọwọ́ sínú àpò aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó mú ìgò kékeré kan jáde. Oyin ni.

"Moríkẹ́ sọ pé ohùn yín ti há. N kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, Ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sí."

Ìyá gba ìgò náà. Ó yí i po lọ́wọ́ rẹ̀. Olówòkéré ti wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá rẹ wà láyé?" Ìyá bi í.

"Ó wà, Ìyá."

"Ǹjẹ́ ó mọ̀ pé o wà lórí omi láàárọ̀ yìí?"

"Kò mọ̀."

Ìyá mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù. "Mo ti bá ìyá rẹ pè ọ́," ló wí. Ó fi ọwọ́ kan Ṣùáíbù lórí, níbi tí fìlà ti bọ́. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ohùn tó há, àmọ́ gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ó tó."

Ó bú sẹ́kún lẹ́yìn náà, ẹkún ọmọ tó ti kú. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. A jọ sun ún.

Nígbà tí oòrùn ká kùrukùru, Olówòkéré gbé àjẹ̀ kúrò lára ògiri láti gbé e lọ sínú òkun, bí àṣà ṣe wí. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkun ti jẹ tó lára mi. Ọmọ ènìyàn jókòó níhìn-ín tí kò ní àjẹ̀ tí yóò fi délé, kí n wá sọ àjẹ̀ sómi?" Ó gbé e lé Ṣùáíbù lọ́wọ́. "Gbà. Ọmọ mi ni Rhoda. Bí o bá gbé e lọ, máa gbé e wá kí mi."

Olówòkéré wo àjẹ̀ náà lọ́wọ́ Ṣùáíbù. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé ojú rẹ̀ ti rọ̀. "Ọ̀tún ni Kọ́lájọ fi máa ń wà á," ló sọ níkẹyìn. "Apá ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti jẹ ẹ́."

Bàbá mi ló kù. Nígbà tí a lọ ròyìn fún un ní Ode Ugbo, ó bi Ṣùáíbù léèrè ohun tó ń wí nínú kùrukùru. Ṣùáíbù ní òun ń bẹ Ọlọ́run ni. Bàbá mi gbé ojú sílẹ̀, ó ní òun náà ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá pé kí ó jẹ́ kí ọmọ òun tún rẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe fi mí fún un nìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ààfáà ṣàdúrà, Bàbá mi náà ṣàdúrà, Moríkẹ́ sì ṣe àmín sí méjèèjì kí ó má baà ṣi ọ̀kankan.

Omi fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùáíbù na okùn ọkọ̀ sí mi lójú gbogbo ènìyàn. Moríkẹ́ kígbe pé kí wọ́n ṣọ́ mi, ewúrẹ́ tún dé. Mo so ó, mo sì jẹ́ kí okùn gùn.

Ìyá kò pe Kọ́lájọ mọ́. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí ọyẹ́ bá mú kùrukùru bo omi, a máa jáde sí èbúté títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lónìí, èmi ni mo ń jáde. Ṣùáíbù ti dàgbà, ó ń sùn nínú ilé, àjẹ̀ náà sì wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. N kò mọ ẹni tó wà lórí omi, n kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń ké pé, "Ọ̀nà ilé rèé o," mo sì ń dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan yóò dáhùn.