Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ọ̀fẹ́

Kò sí ohun rere tí a dá sáyé tí kò ní ohun tí ń jẹ ẹ́. Àgbàdo ní kòkòrò tirẹ̀, ìrókò ní ikán tirẹ̀, aṣọ olówó iyebíye sì ní ohun tí ń lu ú nínú àpótí. Ẹ̀kọ́ ilé pàápàá kò gbẹ́yìn: olè ni ó ń jẹ ẹ́. Olè a máa wá ibi tí òbí ti kọ́ ọmọ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti ki ọwọ́ bọ ọmọ náà lápò. Ẹni tí kò gbẹ̀kọ́ kì í dúró dá arúgbó lóhùn. Ẹni tó gbẹ̀kọ́ ni olè ń bá ṣe pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Àgbọ̀nrín nítorí eré ẹsẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ilé-ìwé wọn ni ó kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, fún eré ìje tí ẹni mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn sá. Ilé-ìwé náà kò dé irú ibẹ̀ rí. Olùkọ́ yìí, tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ni gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Màmá Fèrè. Ọdún náà ni yóò fẹ̀yìn tì, kò sì tíì gba àmì-ẹ̀yẹ kan rí láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà.

Nínú bàálù ni Màmá Fèrè ti kìlọ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba ohunkóhun lọ́wọ́ àjèjì ní ìgboro, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àpò sílẹ̀. Bí olè bá sì jí nǹkan wọn, kí wọ́n má ṣe lé e, kí wọ́n wá bá òun, kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Gbogbo wọn ní àwọn ti gbọ́. Etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọjọ́ àṣekágbá ku ọ̀la, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń bọ̀ láti ibi ìgbaradì. Ìta ibùdókọ̀ náà kún fún àlejò. Ìyá arúgbó kan, tí ó fi ẹ̀gbà olówùú aláràbarà kọ́ apá, dá Àgbọ̀nrín dúró, ó sì fi èdè tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé bá a sọ̀rọ̀ pé, "Ọmọ mi, ẹ̀bùn ni. N kò gba nǹkan kan."

Àgbọ̀nrín rántí ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ? Ó gbé àpò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìyá náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó rọra ń so ẹ̀gbà, ó ń yin àwọn ìka rẹ̀, ó ń wúre fún un. Nígbà tí ó fi so ó tán, àpò ti lọ. Kí ó tó gbé orí sókè, ìyá arúgbó náà ti wọ inú èrò lọ. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé nìkan ni ó rí.

Bàtà eré ìje rẹ̀ ni ó wà nínú àpò náà. Bàbá rẹ̀, aránbàtà, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an; ó pa iṣẹ́ àwọn oníbàárà tì nítorí rẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ gbogbo ojú rírán wò kí abẹ́rẹ́ má baà gún ọmọ òun lẹ́sẹ̀.

Ẹni tó wà ní ìpamọ́ láti rọ́pò ẹni tó bá rẹ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Aláwàdà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó ní, "O kúnlẹ̀ kí ìyá olè. Ò bá kúkú bá a gbé àpò náà délé, kí ẹ̀kọ́ ilé ẹ lè pé."

Ẹ̀rín tí àwọn yòókù rín dà bí ata lójú egbò.

Màmá Fèrè kò bínú. Ó mú Àgbọ̀nrín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ṣàpèjúwe ìyá náà, fìlà náà àti àpò náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n má sì ṣe sún mọ́ ibùdókọ̀ náà mọ́. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ yá bàtà lọ́wọ́ àwọn akẹ́gbẹ́ wọn láti ilé-ìwé mìíràn.

"Ṣé ó bá ẹ lẹ́sẹ̀ mu?"

"Ó bá mi mu, mà. Ṣùgbọ́n n ó gbẹ̀san."

"Fìjà fún Ọlọ́run jà, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ẹ níṣẹ́ lọ́la."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, mà."

"Mo gbọ́ òwe. Òwe ò ní bá ẹ sáré lọ́la."

Àgbọ̀nrín kọ̀, kò bọ́ ẹ̀gbà náà. Ó ní yóò wà lọ́wọ́ òun títí òun yóò fi fi í so ọwọ́ ẹni tó so ó. Bí ó bá ti di ojú, a máa rí ìyá arúgbó náà lórí ìkúnlẹ̀, tí ó ń bẹ̀bẹ̀, tí òun kò sì gbọ́. A máa rí fìlà aláwọ̀ ewé náà nínú ẹrẹ̀, tí òun ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àlá náà dùn mọ́ ọn ju ìrètí àmì-ẹ̀yẹ lọ.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun, ó gba ẹnu ọ̀nà ibi ìfọṣọ ilé tí wọ́n dé sí jáde. Ó fi ìborùn bo orí, ó padà sí ibùdókọ̀, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn àtẹ oníwèé ìròyìn. Ìyá náà kúkú wà níbẹ̀. Ó di ọwọ́ àlejò bàbá àgbà kan mú, ó ń so ẹ̀gbà. Ọkùnrin onífìlà kọjá, ó sì gbé àpò bàbá náà. Àgbọ̀nrín kò pariwo olè. Ó gbá tẹ̀lé e.

Kò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin náà yà sí ọ̀nà tóóró, wọ́n la abẹ́ aṣọ tí àwọn onílé sá sórí okùn kọjá, wọ́n gba iwájú ilé búrẹ́dì tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn olókùúta. Ibẹ̀ ni ó ti bá a. Ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó já àpò gbà, ó gbá a létí nítorí bàbá rẹ̀, ó tún gbá a nítorí ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dùn bí oyin. Kí adùn náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, ọkùnrin náà tì í, ó sì sá lọ. Àgbọ̀nrín ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sábẹ́ rẹ̀.

Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí èrò dé, àjèjì ọmọbìnrin tó fi ìborùn bo orí, tó ń mí hẹlẹ, tó sì gbá àpò alápò mọ́ra ni wọ́n bá. Alábúrẹ́dì mú un lápá kan, obìnrin kan mú un lápá kejì. Gbogbo àlàyé rẹ̀ kò wọ ẹnikẹ́ni létí.

Ní àgọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá àná dá a mọ̀. Ó ní láti òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ òun ti wà ní ibùdókọ̀ náà láìwọ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n ń dúró kí onífìlà mú wọn dé ilé tí àwọn olè náà ń kó ẹrù sí. "Ọ̀la ni à bá máa kó gbogbo wọn lọ sí kóòtù," ni ó wí. "Ìwọ lo ta wọ́n lólobó."

Nígbà tí Màmá Fèrè fi gbà á sílẹ̀, eré ti parí. Aláwàdà ni ó rọ́pò rẹ̀. Kò mọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pá bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbẹ̀yìn. Àgbọ̀nrín bẹ Màmá Fèrè pé kí ó bá òun wí.

"Kí ni n bá wí? Eré tó dára jù tí o sá láyé ẹ, olè lo sá a fún."

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kò farasin. Ẹni tó bá rin ìrìn àjò, kí ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n kí ó fi ẹnu kí i, kí ọwọ́ má sì kúrò lára àpò. Bí olè bá sì ṣe é ní ibi, kí ó sọ fún aláṣẹ, kí ó sì padà sídìí ohun tó bá lọ. Ẹni tó lé olè títí tó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ẹrù olè.

Kí ọdún tó parí, ọwọ́ tẹ ìyá arúgbó náà àti onífìlà ní ìlú mìíràn, nípasẹ̀ àpèjúwe tí Àgbọ̀nrín àti Màmá Fèrè ṣe ní àgọ́ ọlọ́pàá. Adájọ́ sọ àwọn méjèèjì sẹ́wọ̀n. Inú Àgbọ̀nrín dùn nígbà tó gbọ́, kò sì sẹ́. Wọn kò rí bàtà náà mọ́. Bàbá rẹ̀ kò béèrè bàtà. Ẹsẹ̀ ni ó béèrè. Ẹsẹ̀ náà san, ó sì tún ń sáré. Aláwàdà di olórí àwọn asáré ilé-ìwé náà. Màmá Fèrè fẹ̀yìn tì ní àkókò rẹ̀, kò sì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan.